Ibi ìṣáàjì ọkọ̀ oníná ní Alágbàká, Àkúrẹ́: 50 kW àbí 7 kW?

Oníbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èwo ni kí n rà nínú ẹ̀rọ ìṣáàjì méjèèjì yìí? (kW ni ìwọ̀n agbára iná tí ẹ̀rọ ń fúnni.)

Oníwáyà: Ẹ fi 50 kW sílẹ̀ ná. Ó ń fa bíi 75A (áḿpù, ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá) lórí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; tiransifọ́má tí àdúgbò jọ ń lò lè má gbé e, ẹ lè ní láti ra tiyín. Ibẹ̀ gan-an lowó ń bá lọ! 7 kW ò ju fésì kan lọ, 32A. Wáyà 6 mm² tó o. Bó bá jìnnà sí mítà, 10 mm².

Ìyá Sólà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbàgbé láti dárúkọ áàtì, wáyà tó so iná mọ́ ilẹ̀. Bí kò bá dáa, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣáàjì rárá. Bí fóltéèjì bá sì já wálẹ̀ lálẹ́, yóò máa dáwọ́ dúró.

Oníbéèrè: 7 kW ńkọ́, wákàtí mélòó?

Oníwáyà: Bátìrì 50 kWh (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́) tó ti tán pátá, bíi wákàtí 8. Òtẹ́ẹ̀lì ló bá a mu, kì í ṣe etí títì.