C10 ọdún 1970: mo fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì 5.3 sí i nílé, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Houston ni mo wà. Chevrolet C10 ọdún 1970 ni ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì 250 onísílíńdà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú gíà mẹ́ta tí wọ́n ń fà lára sìtíárìn. Dúrọ́ọ̀mù ni bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Táǹkì epo wà lẹ́yìn ìjókòó, nínú kábìn gan-an. Ìpẹtà ti jẹ igun kábìn méjèèjì àti ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀.

Ẹ́ńjìnnì tí mo rà ní jáńkì yáàdì ni 5.3 (V8 oní-lítà 5.3) ti Silverado 2002, ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet, òun àti gíà ọ̀tọ́mátíìkì 4L60E, brain box (kọ̀ńpútà ẹ́ńjìnnì), àti ìdì wáyà rẹ̀. Garaji ilé ni mo ti fẹ́ ṣe é. Kéréènì ẹ́ńjìnnì oní-tọ́ọ̀nù méjì wà, ẹ̀rọ wẹ́dà MIG wà, líìfùtì ni kò sí.

Ṣé síìtì ẹ́ńjìnnì àtijọ́ máa gbà á? Ọ́ìlì páànù ńkọ́? Ṣé a lè fi táǹkì inú kábìn yẹn sílẹ̀? Wáyà ló wá ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fo ohunkóhun.

Bàbá Sípánà

O kú ìnáwó o. Ó dáa bí o ṣe béèrè kí o tó tú nǹkan kan.

Bíréèkì ni kí o fi ṣáájú. Agbára ẹṣin 155 ni wọ́n kọ sí 250 yẹn, nígbà tí wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n, ẹ́ńjìnnì lásán ni wọ́n ń wọ̀n, láìsí fáànù tàbí sàléńsà lára rẹ̀. 5.3 tìrẹ ń fún wa ní nǹkan bí 285 pẹ̀lú gbogbo ẹrù lára. Dúrọ́ọ̀mù iwájú kò lè dá irú agbára bẹ́ẹ̀ dúró léraléra. Ọdún 1971 ni Chevrolet bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíréèkì onídíìsìkì sí iwájú C10, nítorí náà spindle (ọ̀pá tí ẹsẹ̀ iwájú ń yí lé), díìsìkì àti caliper (ohun tó ń fún díìsìkì mú) ti 1971 tàbí 1972 máa wọ ọkọ̀ rẹ. Ohun tí kò ní bára mu ni rímù: bọ́ọ̀tì márùn-ún ni ti 1971, mẹ́fà ni tìrẹ. Bí o kò bá fẹ́ pààrọ̀ rímù ẹ̀yìn, wá díìsìkì oníbọ́ọ̀tì mẹ́fà. Má sì fi master cylinder (pọ́ǹpù bíréèkì) ti dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ o. Ó ní àtọwọ́dá kékeré kan nínú tó máa ń há ìfúnpá mọ́ inú páìpù. Ó dára fún dúrọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n lórí díìsìkì, páàdì á máa ha díìsìkì láìdúró, á gbóná, á sì jẹ tán láìpẹ́.

Ẹ́ńjìnnì wá kàn. Wo lẹ́tà tó wà ní ipò kẹjọ nínú VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀) ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́: T ni LM7, tó jẹ́ ojúlówó 5.3 onírin. Bí nọ́ńbà orí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ 706, wá àmì Castech lára rẹ̀, nítorí àwọn tó ní àmì yẹn la mọ̀ pé wọ́n máa ń sán. Omi á máa dínkù láìjò síta. Tú cover orí ẹ́ńjìnnì, kí o tan iná wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ti funfun bíi wàrà.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà lórí ìdúró, yọ intake (ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀). Knock sensor (tó ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ń kan) méjì wà nínú kòtò abẹ́ rẹ̀. Omi máa ń ríbi wọ ibẹ̀, ìpẹtà á jẹ wọ́n, iná ẹ́ńjìnnì á tàn pẹ̀lú kóòdù P0327 tàbí P0332. Pààrọ̀ méjèèjì àti wáyà kékeré tó so wọ́n pọ̀, kí o sì dì wọ́n ní 15 foot-pound péré. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti wọ inú ọkọ̀ tán, iṣẹ́ ọ̀sán kan nìyẹn. Lórí ìdúró, kò tó wákàtí kan.

Ọ́ìlì páànù Silverado máa ń sọ̀kalẹ̀ ju crossmember (irin tó dábùú ṣáásí) C10 lọ. Bí ọkọ̀ rẹ bá ga bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é, o lè lò ó kí o máa ṣọ́ra. Bí o bá fẹ́ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ rárá, pààrọ̀ rẹ̀ sí ti Camaro 1998–2002 tàbí èyí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí gan-an. Páànù, páìpù tó ń fa ọ́ìlì àti gèéjì tí a fi ń wọn ọ́ìlì, bákan náà ni kí wọ́n jẹ́.

Gbọ́ eléyìí dáadáa. Bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló di páìpù yẹn mú lára pọ́ǹpù ọ́ìlì, rọ́bà róbótó kan ló sì ń dí ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá fi bọ́ọ̀tì fa páìpù wọlé, ẹ̀gbẹ́ kan á ṣáájú ìkejì, rọ́bà á gé, kò sì ní rí i. Fi ọ́ìlì pa rọ́bà tuntun, fi ọwọ́ ti páìpù títí etí rẹ̀ á fi jókòó pẹrẹsẹ, kí o tó fi bọ́ọ̀tì sí i ní 106 inch-pound. Bí rọ́bà bá gé, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì. Gèéjì á dára nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bó bá gbóná, á já sílẹ̀, o á wá máa gbọ́ tí-tí-tí lókè. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sọ pé ó ti kú, rọ́bà náírà díẹ̀ yìí ló pa wọ́n.

Síìtì: ihò mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan 5.3, bọ́ọ̀tì M10. Irin adapter ni o máa kọ́kọ́ dè mọ́ ọn, kí síìtì V8 àtijọ́ tó lè gbà á. Ìdúró tó wà lára ṣáásí rẹ, ti onísílíńdà mẹ́fà ni, kò bá V8 mu. Wá ti V8 1967–72. Má tíì fún bọ́ọ̀tì kankan pinpin. Gbé ẹ́ńjìnnì àti gíà wọlé pọ̀ láìsí intake, kí o fi ọwọ́ wá ibi tí irin ti kan irin: manifold èéfín òsì àti àpótí sìtíárìn, páànù àti crossmember, ẹ̀yìn orí ẹ́ńjìnnì àti ògiri kábìn. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ AC ti Silverado wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ṣáásí C10 ló máa kàn. Bracket tó ń gbé e sókè ni kí o rà. Má gé ṣáásí.

Epo Kì í Jò

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, ẹ má fi táǹkì yẹn sílẹ̀ nínú kábìn. Ìfúnpá pọ́ǹpù epo àtijọ́ kì í kọjá 4 sí 6 psi (òṣùwọ̀n ìfúnpá). 58 psi ni 5.3 ń fẹ́. Bí hóòsì bá já níbi tó ti ń ṣe 5, epo á kán. Bó bá já ní 58, á tú jáde bí omi ẹ̀rọ, ẹ̀yìn orí yín ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí. Yàtọ̀ sí ewu, táǹkì yẹn kò ní ògiri inú tó ń dá epo dúró. Bí ẹ bá yà sí kọ́nà tí epo ti ń lọ ìsàlẹ̀, epo á sá sí ẹ̀gbẹ́ kan, pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á kú sí yín lọ́wọ́.

Táǹkì tó wà láàárín ṣáásí lẹ́yìn ni ó dára, irú ti Blazer àtijọ́ tó ti wá pẹ̀lú ibùjókòó fún pọ́ǹpù inú. Táyà àfikún gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ó tó wọlé. Pọ́ǹpù 255 lítà ní wákàtí kan tó, ó ṣẹ́kù pàápàá.

Fílítà Corvette 1999–2003 ni ẹ máa fi dín ìfúnpá kù. Ihò mẹ́ta ló ní: epo wọlé láti táǹkì, epo padà sí táǹkì, epo lọ sí ẹ́ńjìnnì. Olùṣàkóso 58 psi ti wà nínú rẹ̀. Ẹ dè é sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì, kí ìlà ìpadà kúrú, kí páìpù kan ṣoṣo sì lọ síwájú. Hóòsì gbọ́dọ̀ ní àkọlé SAE J30R9. J30R7 tí wọ́n ń tà fún kàbúrétọ̀ jọ ọ́ gan-an lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún 58. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ sì rí i pé ihò tí táǹkì fi ń mí ṣí sílẹ̀. Bó bá dí, ọkọ̀ á rìn díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ẹni tí epo tán sí lára.

Wáyà Tó Mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo. Wáyà yìí kò le tó bí ojú ṣe ń wò ó. Ẹ tẹ́ ìdì wáyà náà sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ so ìwé mọ́ gbogbo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó gé ohunkóhun. Nígbà tí ẹ bá yọ ti iná iwájú, ti ABS àti ti kábìn Silverado kúrò, ohun tí brain box nílò lára C10 kò pọ̀: iná bátìrì tí kì í kú, iná kọ́kọ́rọ́, áàtì (wáyà tó so mọ́ irin ọkọ̀), rílè pọ́ǹpù epo, rílè fáànù, gílóòbù check engine, àti ẹnu OBD-II (ibi tí a ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀) lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Iná kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ó gbọ́dọ̀ wà láàyè nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní RUN, kó sì wà láàyè nígbà tí ẹ bá ń ta á. Àwọn wáyà kan wà lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́ C10 tí iná wọn máa ń kú bí sítátà bá ti ń yí. Bí ẹ bá so brain box mọ́ irú wọn, ẹ́ńjìnnì á yí títí, kò ní gbiná. Ẹ á wá rò pé pọ́ǹpù ló bàjẹ́. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹnì kan máa ta á. Wáyà kejì tó léwu ni èyí tó ń lọ sí coil àtijọ́, tí wọ́n fi aṣọ wé. Wọ́n ṣe é láti dín fóltì kù fún pọ́ìntì. Ẹ má gbé iná brain box lórí rẹ̀ láé. Ẹ fa wáyà tuntun, kí ó kàn ta rílè, kí rílè wá gbé iná tààrà láti bátìrì.

Passlock, ìdáàbòbò olè ti Silverado, wà nínú brain box yẹn. Ẹ̀rọ àtúntò bíi HP Tuners la fi ń pa á, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì á gbiná fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, á kú. Kí ẹni tó ń ṣe é yọ kóòdù EVAP (ètò oru epo) àti ti sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn catalytic náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ẹnu throttle (ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ ẹ́ńjìnnì): bí okùn irin bá wà lára rẹ̀, ó rọrùn. Bí wáyà nìkan ni, ẹ gbọ́dọ̀ ní pẹ́dàlì àti àpótí TAC (tó ń darí throttle) tó bá brain box yẹn gan-an mu.

Áàtì mẹ́ta: ẹ̀yìn orí ẹ́ńjìnnì sí ṣáásí, ṣáásí sí kábìn, bátìrì sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ fọ́ ọ̀dà dànù kí irin tó kan irin.

Alternator: ẹ yọ regulator àtijọ́ tó wà níta kúrò, kí ẹ fa wáyà nípọn 4-gauge láti alternator sí bátìrì. Ẹnu L tó wà lára rẹ̀, brain box ló ń rán iná sí i. Ẹni tó bá ti 12 fóltì bọ̀ ọ́ tààrà lè ba inú rẹ̀ jẹ́.

Gèéjì ìyára C10 ń fi okùn ṣiṣẹ́, 4L60E kò ní ibi tí okùn ń wọ̀. Ẹ ra àpótí tó ń sọ àmì iná di yíyí okùn, tàbí kí ẹ fi gèéjì oníná rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ìpẹtà kábìn, kí n ṣe é ṣáájú tàbí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì? Páìpù tín-ín-rín tó wà níwájú orí ẹ́ńjìnnì, ẹni tó tà á ní kí n dí i. Àti pé mo ti ya gíà kúrò lára ẹ́ńjìnnì kí n lè gbé wọn.

Bàbá Sípánà

Ìpẹtà ṣáájú. Bí ibi tí kábìn ti jókòó lórí ṣáásí bá ti jẹ, kábìn ti rì nìyẹn, gbogbo ohun tí o wọ̀n sí ògiri rẹ̀ á yí nígbà tí o bá tún un ṣe. Kí o tó gé igun tàbí ilẹ̀, fi irin onígun dábùú ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn, kí o fi wẹ́dà mú un, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn kò ní pa dé mọ́. Gé ẹ̀gbẹ́ kan, parí rẹ̀, kí o tó fọwọ́ kan ìkejì. Má sì fi wẹ́dà kan ọkọ̀ yẹn nígbà tí brain box bá ṣì wà lára rẹ̀.

Má dí páìpù yẹn. Ibẹ̀ ni oru omi ti ń jáde lórí ẹ́ńjìnnì. Dá a lọ sí òkè rédíétọ̀. Bí o bá dí i, oru á kó jọ sókè orí ẹ́ńjìnnì, gèéjì lè má tíì sọ nǹkan kan kí ibẹ̀ tó jóná. Hóòsì omi méjèèjì 5.3 ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n wà, nítorí náà ra rédíétọ̀ tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì wà lọ́tùn-ún.

Bí o ṣe ya gíà kúrò, torque converter (ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà) ti lè yọ síwájú. Ti gíà dúró, máa yí converter kí o máa tì í. O gbọ́dọ̀ nímọ̀lára pé ó jìn wọlé lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí gíà bá lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì tán láìfi bọ́ọ̀tì fà á, converter gbọ́dọ̀ máa yí fàlàlà, kí àlàfo bí ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì wà láàárín òun àti flexplate (àwo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì). Bí kò bá yí, dúró, yọ ọ́ padà. Bọ́ọ̀tì tó bá fà á wọlé tipátipá á fọ́ pọ́ǹpù gíà kí ọkọ̀ tó kúrò ní garaji.

Pùrọ̀pẹ́là: gbé ọkọ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí o wọ̀n láti ẹnu gíà sí ẹ̀yìn. Jẹ́ kí yoke (orí pùrọ̀pẹ́là tó wọ inú gíà) yọ síta ní íǹṣì kan sí ibi tó bá ti wọlé tán. Ìdí gíà á tẹ̀ sísàlẹ̀ ní dígírì mẹ́ta, kí ojú díférẹ́ńṣíà ẹ̀yìn sì tẹ̀ sókè ní iye kan náà.

Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ tan án, yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ̀ọ̀jọ àti fíúùsì injector (nọ́sù tó ń fọ́n epo), kí o ta sítátà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, máa jẹ́ kó sinmi, títí gèéjì ọ́ìlì á fi gbéra. Dá púlọ́ọ̀gì padà. Ṣí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láìta á, kí pọ́ǹpù epo kún páìpù, kí o wá bẹ̀rẹ̀ wo gbogbo ìdè hóòsì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bó bá gbẹ, ta á. Gíà ń fẹ́ kúọ́ọ̀tì ọ́ìlì márùn-ún kó tó gbiná. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, fà á kọjá gbogbo ipò, wọ̀n ọ́n nígbà tó bá gbóná, kí o máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Epo Kì í Jò

Ẹ jẹ́ kí agolo tó ń paná tí wọ́n kọ B sí lára wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́jọ́ yẹn, kí ilẹ̀kùn garaji sì ṣí sílẹ̀.