Valkuil kì í ṣe ẹyẹ: sílébù àti oríkèé nínú àkànpọ̀ ọ̀rọ̀ èdè Dutch

Èsì mi nìyí sí àwọn tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ èdè Dutch, tí wọ́n sì ń dábàá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó fi ṣàlàyé bí a ṣe ń pín in àti bí a ṣe ń pè é. Ìtúmọ̀ "àṣá-òwìwí" tí wọ́n fún valkuil ti gé ọ̀rọ̀ náà níbi tí kò ní oríkèé, ìyẹn ibi tí ọ̀rọ̀ méjì ti so pọ̀. Val ni pàkúté, kuil ni kòtò: ọ̀fìn ni. Ẹni tó bá pín in sí valk (àṣá) àti uil (òwìwí) ti dá ẹyẹ tí kò sí ní gbogbo Nẹ́dálándì.

Àbá pé kí "ààlà sílébù" máa jẹ́ orúkọ ibi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé ni mi ò fara mọ́. Ẹ wo bommelding. Bó bá jẹ́ bom + melding (ìkìlọ̀ pé bọ́ǹbù wà níbì kan), bom-mel-ding ni pípín rẹ̀. Bó bá jẹ́ Bommel + ding (nǹkan ẹni tó ń jẹ́ Bommel), bom-mel-ding náà ni. Ẹnu ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: nínú ti bọ́ǹbù, e inú mel ń dún ketekete bí ẹ tiwa, nínú èkejì, ó rọ débi pé kò jọ fáwẹ̀lì Yorùbá kankan. Massagebed tún wá nìyẹn. Massa + gebed, àdúrà ọlọ́pọ̀ èrò: MAS ni à ń tẹ̀ (à ń pè é kíkankíkan ju ìyókù lọ), g rẹ̀ a sì máa ha ọ̀fun. Massage + bed, bẹ́ẹ̀dì ìwọ́ra: SA ni à ń tẹ̀, g rẹ̀ sì di ti àwọn Faransé.

Nítorí náà, kí "oríkèé" jẹ́ ibi ìpàdé, kí "ààlà sílébù" máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Oríkèé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó pín apá kọ̀ọ̀kan. Sílébù tiwa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, àyàfi àránmúpè aṣesílébù (bí ń inú "ó ń lọ"), ìdí nìyẹn tí etí wa fi ń ti d inú avondeten (oúnjẹ alẹ́) síwájú: a-von-de-ten. Àṣìṣe ni. Avond + eten ni. D tó bá parí ọ̀rọ̀ a di àìkùnyùn (ìró tí ọ̀fun kì í gbọ̀n fún), t ni ẹnu ń pè: a-vont-e-ten. Nínú avonden (àwọn ìrọ̀lẹ́), d dúró bí d, nítorí -en kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dá dúró.

Zakdoek (aṣọ ìnujú) ló yí i padà: d tó tẹ̀ lé k sọ k náà di akùnyùn, k wá ń dún bíi g inú gàrí, ìró tó ṣọ̀wọ́n nínú èdè wọn.

Ní ti àbá pé kí a lo "ohùn òkè" fún sílébù tí à ń tẹ̀, òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni etí Yorùbá ṣe ń gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ àyálò "kọ̀ǹpútà" jẹ́rìí sí i: pú tó gba ohùn òkè ni wọ́n ń tẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ohùn wa ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà ní sílébù kọ̀ọ̀kan; títẹ̀ tiwọn, apá àkọ́kọ́ ló sábà máa ń wà, àfi irú stadhuis (gbọ̀ngàn ìlú) tí títẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí huis. "Ìtẹ̀" ni mo yàn.