Kí ló dé tí Search for the New Land ti Lee Morgan fi pẹ́ kó tó jáde?

Ọmọ Àwo:
Ẹ̀yin àgbà nínú ọ̀rọ̀ jáàsì, mo kí yín o. The Sidewinder ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú iṣẹ́ Lee Morgan, afuntírọ́ńpẹ́ẹ̀tì jáàsì ará Amẹ́ríkà, orin tó ṣí àwo náà sì máa ń gbé mi dìde jó. Nígbà tí mo wá gbọ́ Search for the New Land, ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń fun tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì náà. Kò ju oṣù méjì lọ láàárín ìgbà tí wọ́n gba àwo méjèèjì sílẹ̀, síbẹ̀ ọdún 1966 ni Search for the New Land ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kí ló dá a dúró? Báwo ni mo sì ṣe lè gbọ́ orin àkọ́kọ́ rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 16, láìjẹ́ kí ọkàn mi ṣáko lọ?

Àgbà Alámòójútó Àwo:
Ọjà ló dá a dúró. Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni wọ́n gba The Sidewinder sílẹ̀ ní sítúdíò Rudy Van Gelder ní Englewood Cliffs, ìpínlẹ̀ New Jersey. Ibẹ̀ náà ni wọ́n padà sí ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1964 fún èyí tí o ń bèèrè. Àmọ́ The Sidewinder tà kọjá ohun tí Blue Note, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde, fọkàn sí, irú rẹ̀ ni wọ́n sì tún ń wá, kì í ṣe àwo tó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ronú.

Onífèrè:
Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹlòmíràn ló ń fun fèrè náà. Morgan ọmọ ọdún 25 kan náà ni. Òun ló kọ orin márààrún inú àwo yìí, bó ṣe to orin ló sì gbájú mọ́ ju kó máa fi agbára èémí yangàn lọ. Nínú orin gígùn yẹn, ohùn ìbẹ̀rẹ̀, tí kò yára tí kò sì so mọ́ ìlù, máa ń padà wá láàárín àwọn tó ń dá tiwọn. Bó bá ti dé, mọ̀ pé ó kan ẹlòmíràn: Wayne Shorter lórí saxophone, Herbie Hancock lórí pianó, tàbí Grant Green lórí gìtá. Gìtá yìí gan-an ló yí àwọ̀ àwo náà padà, nítorí kò sí gìtá kankan nínú The Sidewinder.

Ìyá Olórin:
Ẹ ti gbàgbé orin kẹta, Mr. Kenyatta, tó ń jẹ́ orúkọ Jomo Kenyatta, olórí Kẹ́ńyà. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni Kẹ́ńyà gba òmìnira, oṣù méjì péré kí wọ́n tó wọ sítúdíò, èmi kò sì lè ka “ilẹ̀ tuntun” tó wà nínú àkọlé àwo náà kí n má rántí ìyẹn. Ọmọ mi, bí ìṣẹ́jú 16 bá pọ̀ jù fún ọ, Melancholee ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Morgan fi orúkọ ara rẹ̀, Lee, parí “melancholy”, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìbànújẹ́, láti fi ṣe àkọlé orin náà.

Ọmọ Àwo:
Ẹ ṣé gan-an, mà. N kò kíyè sí Lee tó wà níbẹ̀ yẹn rárá.