Yàrá ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì, gbọ̀ngàn àdúgbò àti fúláàtì: ẹ bá mi wo iṣẹ́ àṣekágbá mi

Akẹ́kọ̀ọ́ Alágbàká

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ọ̀gá inú ẹgbẹ́ yìí. Iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ inú ilé ni mò ń kọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n gbé fún wa pọ̀, gbogbo rẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni yàrá ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì kékeré ní Alágbàká, mítà 9 sí 7, gíga mítà 3.3. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì fẹ́ deski mítà 3 àti ìjókòó 12. Èkejì ni gbọ̀ngàn àdúgbò ní Òkè-Àró, mítà 20 sí 12, gíga 4.5, fún èèyàn 200. Ẹ̀kẹta ni fúláàtì ìdílé ní Ọbà-Ilé. Pálọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 4 sí 3.6, ilé ìdáná 3 sí 2.4.

Mo ti yan àwọ̀, mo ti ṣe render (àwòrán kọ̀ǹpútà tó ń fi bí yàrá á ṣe rí hàn). Olùkọ́ wò ó, ó ní ó rẹwà ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé. Mo fẹ́ fi MDF (pátákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀ pọ̀) ṣe deski, kí n sì fi aṣọ òkè bo àga òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti mú un?

Adíwọ̀n

Àbúrò, pa render yẹn tì ná. Kò tíì sọ ibi tí ẹni tó gbé àpótí wọlé máa dúró sí. Mú pílánì òtẹ́ẹ̀lì, kí o fi ara èèyàn wọ̀n ọ́n kí o tó gbé àga sínú rẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri ẹ̀yìn deski. Kọ́bọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ á gba sẹ̀ǹtímítà 40. Láti ibẹ̀ dé deski, fi mítà 1.2 sílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ méjì lè gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá. Deski fúnra rẹ̀ á jìn ní 75: ojú tí àlejò ń gbé ọwọ́ lé ga ní 110, ojú tí òṣìṣẹ́ ń kọ̀wé lórí rẹ̀ nínú ga ní 75. Níwájú rẹ̀, mítà 1.8, kí ẹni tó ń sanwó má baà dí ẹni tó ń kọjá lọ́nà. Rò ó pọ̀: mítà 4.15 ti lọ nínú mítà 7, o ò sì tíì gbé àga kankan sílẹ̀.

Ìjókòó 12, tí o bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mítà onígun mẹ́rin 1.8 pẹ̀lú ààyè ẹsẹ̀ àti tábìlì kékeré, á gba nǹkan bíi 22 nínú 63 tí o ní. Ó gbà á. Ohun tí kò gbà ni orísun omi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbìn sí àárín yàrá. Ọ̀nà ìrìn kò gbọdọ̀ dín sí mítà 1.2 níbi kankan, ibi tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara bá ti máa yí padà sì gbọ́dọ̀ tó mítà 1.5 sí 1.5.

Ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ilẹ̀ Àkúrẹ́ pupa. Lásìkò òjò, ẹrẹ̀ á bá bàtà wọlé sórí táìlì funfun dídán, àlejò á sì yọ̀ ṣubú. Tẹ́ ẹní ìnusẹ̀ tó gùn tó mítà 2, kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Táìlì tí ojú rẹ̀ kì í yọ̀ ni kí o fi tẹ̀ lé e, kí sìmẹ́ńtì àárín táìlì sì ní àwọ̀ eérú. Èyí tó bá funfun á pọ́n kí òjò àkọ́kọ́ tó dá.

Ẹnu Ọ̀nà Kò Gbọdọ̀ Há

Àtẹ̀gùn mẹ́ta yẹn ò gbọdọ̀ dá wà. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, àpapọ̀ rẹ̀ 45. Ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ́ fún kẹ̀kẹ́ á gùn ní ìlọ́po 12 gíga náà, ìyẹn mítà 5.4. Fi ibi ìdúró mítà 1.5 kún un lókè àti nísàlẹ̀, ó di 8.4. Bí iwájú ilé ò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan, kí ibi ìdúró kan wà níbi tó ti ṣẹ́ po. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 nítorí àwọn aláàbọ̀ ara fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣàtúnṣe, ọdún 5 náà sì ti pé. Kí sẹ̀ǹtímítà 90 nínú gígùn deski rẹ rẹlẹ̀ sí 75 níta náà, kí ààyè orúnkún wà lábẹ́ rẹ̀.

Káfíńtà Àràkalẹ̀

MDF níbi tí wọ́n á ti máa fi omi nulẹ̀ lójoojúmọ́? Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á mu omi, á wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, kò sì ní fà sẹ́yìn mọ́. Lo plywood tó nípọn ní mílímítà 18, èyí tí wọ́n ń pè ní marine lọ́jà. Gbé deski kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú ní 7 kí bàtà má baà máa gbá a. Fi táìlì tàbí irin bo ibẹ̀.

Pátákó kan jẹ́ mítà 2.44 sí 1.22. Deski rẹ gùn ní mítà 3, nítorí náà oríkèé á wà lójú rẹ̀ dandan. Má gbìyànjú láti fi púútì pa á mọ́, á là. Pín iwájú deski sí mẹ́ta ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí o gé ojú ìlà sí àárín wọn, kí ó dà bí ọ̀ṣọ́. Iwájú, ojú òkè, ojú ìkọ̀wé, ẹ̀gbẹ́ méjì àti ìdúró mẹ́ta nínú jẹ́ bíi mítà onígun mẹ́rin 9.3. Fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún àfọ́kù, pátákó 4 ni o máa rà.

Ní ti etí tí ọwọ́ ń kàn, ìrókò tàbí ọ̀gánwó. Arère rọrùn láti rẹ́ ṣùgbọ́n ó rọ̀, kọ́kọ́rọ́ àlejò á dá ojú rẹ̀ lápàá láàárín oṣù mélòó kan. Kí igi gbẹ dáadáa: ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Igi tútù láti sọ́míìlì tó bá wọ yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ á súnkì, ọyẹ́ á sì parí rẹ̀. Fífẹ̀ igi ló ń yí padà, gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Fún ìdí èyí, ihò síkúrúù tó ń di ojú òkè mú nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn díẹ̀ sí ìhà fífẹ̀, kí igi lè rìn láìya. Fi oògùn ìkán pa gbogbo orí ibi tí o gé kí o tó so wọ́n pọ̀, torí ibẹ̀ ló ń mu omi jù.

Ìyá Kọ́tìnnì

Aṣọ òkè lórí ibi tí ìdí ń jókòó? Rárá o. Ọ̀já kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ. Ojú rírán á pọ̀ lórí àga kan, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa tú. Èyí tó ní òwú dídán á máa ha ẹsẹ̀, síìpù àpò á sì máa fa òwú rẹ̀ yọ.

Ní ti kọ́tìnnì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ "kọ́tìnnì 1" sínú ìṣirò owó. Kò bójú mu. Fèrèsé pálọ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1.8: fi sẹ̀ǹtímítà 15 kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó di 2.1, lé e ní ìlọ́po méjì kí ó lè ká jọ dáadáa, 4.2. Aṣọ tó fẹ̀ ní 1.5 á jẹ́ ìpele 3. Gíga láti irin dé ilẹ̀ 2.6, ìṣẹ́po lókè àti nísàlẹ̀ 0.3, ó di 2.9. Ìpele 3 á jẹ́ mítà 8.7, ra yáàdì 10. Bí aṣọ bá ní àwòrán tó gbọ́dọ̀ bára mu, fi yáàdì 1 tàbí 2 kún un.

Aláwọ̀ Aró

Ìyá Kọ́tìnnì, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò ní kó pa á tì pátápátá. Ẹ̀yìn àga kì í jìyà tó ìdí. Kó kọ́kọ́ rán ọ̀já aṣọ òkè mọ́ kọ́tìn tó nípọn, kó wá fi bo ẹ̀yìn àga nìkan, kí ìdí jẹ́ awọ àtọwọ́dá tó ṣeé nù. Adìrẹ ni kó ṣọ́ra fún: oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa aró rẹ̀, torí náà kó má gbé e sí fèrèsé ìwọ̀-oòrùn. Kó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ kí ó tó kan ògiri funfun.

Ìyá Kọ́tìnnì

Ẹ̀yìn àga, mo gbà.

Gbọ̀ngàn Kì Í Ṣe Àpótí

Kò sẹ́ni tó tíì kan gbọ̀ngàn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ti máa mú ọ jù. Pílánì méjì ni kí o yà, kì í ṣe ọ̀kan.

Èkíní fún ìpàdé. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ méjì ní mítà 1.2, ọ̀nà àárín 1.5, ó ṣẹ́ku 8.1 nínú mítà 12. Àga tó fẹ̀ ní 0.5 á jẹ́ 16 lórí ìlà kan. Ìlà 13 ní mítà 0.9 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 11.7, èèyàn 208. Pèpéle 4, àlàfo iwájú 2, ó ku 2.3 lẹ́yìn. Ó wọlé.

Èkejì fún ìnáwó, torí kò sí gbọ̀ngàn àdúgbò kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tí wọn ò ní ṣe òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó nínú rẹ̀. Tábìlì róbótó mítà 1.5 fún èèyàn 8, pẹ̀lú àga àti ọ̀nà agbáwo, á gba mítà 3 sí 3. Yọ pèpéle àti ibi ijó, nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 162 ló kù: tábìlì 18, èèyàn 144. Nítorí náà má kọ 200 sórí pílánì ìnáwó. Ya ibi tí kúlà ìrẹsì máa wọlé sí láìgba iwájú pèpéle kọjá, àti yàrá tí àga máa sùn sí: àga 200 ní ìtò mẹ́wàá-mẹ́wàá jẹ́ ìtò 20, yàrá mítà onígun mẹ́rin 12 á gbà á. Ìlẹ̀kùn jíjáde kò gbọdọ̀ dín sí méjì, wọ́n gbọ́dọ̀ jìnnà síra, kí wọ́n sì ṣí síta. Jẹnẹrétọ̀ lọ sí àríwá ìlà-oòrùn ilé, torí gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá lópọ̀ ìgbà. Bí o bá gbé e sí òdìkejì, èéfín á wọ inú ilé.

Ohùn ńkọ́? Ìlànà Sabine, tí wọ́n fi ń ṣírò bí ohùn ṣe ń pẹ́ tó nínú yàrá kó tó kú, ni kí o lò: 0.161 ní ìlọ́po ààyè inú yàrá, pín in sí iye ohùn tí ojú yàrá ń mu. Ààyè rẹ, 20 ní ìlọ́po 12 ní ìlọ́po 4.5, jẹ́ 1,080. Ògiri sìmẹ́ńtì, táìlì àti àjà POP jọ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 768, wọn ò mu ju bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn 23. Ohùn á máa dún kiri fún ìṣẹ́jú-àáyá 7 àti ààbọ̀. Alága á kí wọn ní "ẹ kú ìjókòó", kó tó sọ gbólóhùn kejì, tàkọ́kọ́ á ti padà wá bá a. Èèyàn 200 tó bá jókòó á mu tó 80 sí i, ó bọ́ sí 1.7. Fún ọ̀rọ̀ sísọ, 1.2 ni kí o lépa. Rockwool (òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe) tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 tí o fi aṣọ bò, bíi mítà onígun mẹ́rin 52, á gbé ọ dé ibẹ̀. Kan án sí ògiri ẹ̀yìn àti òkè ògiri ẹ̀gbẹ́, láti mítà 1.5 lọ sókè kí àga má baà ya á, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ tí o bá fi bò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá: fi ẹnu fẹ́ ẹ, bí èémí ò bá gba inú rẹ̀, ohùn náà ò ní gbà á. Ibẹ̀ ni adìrẹ ti wúlò. Má lo fóòmù bẹ́ẹ̀dì láé. Bí iná bá ràn án, èéfín rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pa èèyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alágbàká

Ẹ ṣé gan-an, mo ti ń tún pílánì yà. Ìbéèrè méjì ló kù: gílóòbù mélòó ni kí n fi sí yàrá ìgbàlejò, kí sì ni mo máa ń gbàgbé nínú ilé ìdáná?

Oníná

Lọ́sì (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kan) 200 ni kí o lépa. Lú 63 pọ̀ mọ́ 200, ó jẹ́ 12,600. Ìmọ́lẹ̀ kan á ṣòfò sára ògiri àti eruku, nítorí náà pín in sí 0.6, ó di lúmẹ́nì (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí gílóòbù ń mú jáde) 21,000. Gílóòbù LED wáàtì 12 tó ń mú bíi 1,000 jáde, 21 ni o máa lò, wáàtì 252 lápapọ̀. Kọ iye wáàtì yẹn sílẹ̀, torí òun ni ínfátà máa gbé tí NEPA bá mú iná lọ. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ 3000 kelvin, tó pọ́n díẹ̀, fún ibi ìjókòó, 4000, tó funfun jù ú lọ, lórí deski kí wọ́n lè ka ìwé. Pín súíìṣì sí ọ̀nà mẹ́ta, kí wọ́n lè pa méjì lóru.

Adíwọ̀n

Ilé ìdáná: odó ni o gbàgbé. Ìdílé tó ń jẹ iyán ò ní gún un lórí kọ́ńtà. Ya àyè mítà 1.2 sí 1.2 lórí ilẹ̀ tàbí ní bákónì, kí táìlì ibẹ̀ kún fún sìmẹ́ńtì lábẹ́. Èyí tó bá ń dún kòròfo nígbà tí o bá fi ìka gbá a á fọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tẹ́ rọ́bà nípọn sábẹ́ odó, nítorí ará ìsàlẹ̀. Sílíńdà gáàsì lọ síta, kí ihò afẹ́fẹ́ ilé ìdáná sì wà nísàlẹ̀ ògiri náà, torí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sá sí. Kọ́ńtà ga ní sẹ̀ǹtímítà 90, ó jìn ní 60. Láti ojú rẹ̀ dé kọ́bọ́ọ̀dù òkè, 50.

Táìlì pálọ̀, sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60: ilẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 14.4, fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un, 15.84. Páálí kan tó ní 4 jẹ́ 1.44, páálí 11 gééré. Béèrè nọ́ńbà ìpele iṣẹ́ tó wà lára páálí, kí gbogbo 11 jẹ́ ọ̀kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọ̀ wọn kò ní bára mu.

Káfíńtà Àràkalẹ̀

Kí n tó gbàgbé: sófà inú render rẹ yẹn, wọ̀n ọ́n. Àwọn àga tí ẹ ń gbà wálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà bá ìwọ̀n mu. Sófà mítà 2.2 tó jìn ní 95 ò lè yí ní ìtẹ̀gùn tó fẹ̀ ní 90. Ya ọ̀nà tí ó máa gbà wọlé sórí pílánì, tàbí kí o pín in sí méjì tí wọ́n á so pọ̀ nínú pálọ̀.