Ṣé kí n ta àgbàdo mi báyìí, àbí kí n tọ́jú rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Òkè-Ògùn ni mo ti ń gbin àgbàdo. Ní oṣù Keje 2024 yìí, ìjọba àpapọ̀ kéde pé wọ́n lè kó àgbàdo, ẹ̀wà àti àwọn oúnjẹ mìíràn wọlé fún 150 ọjọ́ láìsan owó ibodè. Inú ará ìlú dùn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, ebi kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ṣùgbọ́n owó gọbọi ni mo fi ra ajílẹ̀!

Mo ti fi lọ àwọn olósìn adìyẹ. Wọ́n ní àwọn ń dúró de tòkèèrè. Mo ronú àtiyáwó tọ́jú rẹ̀, èlé ń bà mí lẹ́rù.

Ṣé kí n tà á báyìí, àbí kí n dúró di ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.