Ilé wa l'Ọ̀bà-Ilé kò rí tà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dámọ́lá: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ilé yìí ti fẹ́ẹ́ dá àìsàn sí mi lára. Bóńgálò oníyàrá mẹ́rin ni, lọ́nà pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́. Mílíọ̀nù 60 náírà la pè é. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń wá wò ó. Wọ́n á yìn ín, wọ́n á fọwọ́ gbá ògiri, wọ́n á mu omi tútù, ó parí nìyẹn. Ejẹ́ńtì wa náà kò mọ̀wà hù, á kàn kó èèyàn wọlé tọ̀ mí láìpè sórí fóònù, témi ṣì ró aṣọ mọ́yà. Ará ilé kejì tún ń sá láfún síwájú géètì wa, òórùn rẹ̀ ń lé oníbàárà. Dadì wọn fúnra wọn ló lọ ra táìlì pálọ̀ l'Ékòó! Ṣé ká tún ilé kùn ni?

Pẹ́ńtà Òkè-Àró: Ẹ kùn ún, mà. Kíríìmù dára ju pupa lọ. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo òrùlé. Bí páànù bá ń jò, àbàwọ́n òjò á tún yọ jáde lára àjà lẹ́yìn ọ̀dà.

Ìyá Ìbejì: Ilé ìyá mi l'Óǹdó, a kùn ún, a pààrọ̀ ilẹ̀kùn, a ra kọ́tìnì. Ẹni tó rà á wó o palẹ̀, ilẹ̀ ló ń wá. Ó ṣì ń dùn mí.

Alàgbà Ìjàpọ̀: Báwo lẹ ṣe dé orí 60?

Ìyá Dámọ́lá: A ro gbogbo owó tí a ná pọ̀, sà. Ìyà tí a jẹ nídìí rẹ̀ kò kéré. Kò ṣeé já.

Alàgbà Ìjàpọ̀: Kò sẹ́ni tó máa san owó ìyà fún yín, màmá. Ẹ pe sọ́fíyọ̀ tó ń díye lé ilé. Ẹ sì má bèèrè iye tí àwọn aládùúgbò pe ilé wọn, iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ni kí ẹ bèèrè.

Ejẹ́ńtì Ọ̀nà Ọ̀dà: Ẹ fi owó ìnájà lé e ni o! Bí ẹ bá pe 50, 40 ni wọ́n á sọ.

Alàgbà Ìjàpọ̀: Ẹ̀yin lẹ ń ba ọjà jẹ́. Ẹni tó mú 50 dání kò tiẹ̀ ní yọjú síbi tí wọ́n pè ní 60.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìyá Dámọ́lá: Tiwa kì í gbẹ, kódà lóṣù kejì ọdún. Gbogbo àdúgbò ló ń wá pọn ọ́n.

Ọmọ Lọ́yà: Màmá, kí ni wọ́n ń bèèrè gbẹ̀yìn kí wọ́n tó lọ?

Ìyá Dámọ́lá: Ìwé ni. Mo sì ń fi fótókọ́pì C of O hàn wọ́n, ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí ìjọba fún wa, kì í ṣe ayédèrú. Báńkì ló mú ojúlówó dání, dadì wọn fi yá owó ẹ̀rọ ilé ìlagi. A ń san án díẹ̀díẹ̀. Kí ló kan ẹni tó wá wo ilé nínú ìyẹn?

Pẹ́ńtà Òkè-Àró: Háà!

Ejẹ́ńtì Ọ̀nà Ọ̀dà: Ẹ sì ń bú ejẹ́ńtì!

Ọmọ Lọ́yà: Ó kàn wọ́n gan-an, mà. Ilé yẹn ló dúró fún gbèsè náà. Bí báńkì bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé iṣẹ́ ilẹ̀ ìjọba, lọ́yà tó bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò máa rí i. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ báńkì, kó sọ iye tó kù pẹ̀lú èlé. Ẹ fi han ẹni tó fẹ́ rà látìbẹ̀rẹ̀. Ó lè san ti báńkì fún báńkì tààrà, kí báńkì fọwọ́ sí ìwé tó tú ilé sílẹ̀ kúrò nínú gbèsè, kí wọ́n dá C of O padà, kó wá san ìyókù fún yín. Lọ́yà ni kó tò ó. Àṣẹ gómìnà fún títa ilé náà tún wà níbẹ̀, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ló ní ká gbà á.

Ìyá Dámọ́lá: Dadì wọn kò fẹ́ kí aráyé gbọ́ pé a jẹ gbèsè. Ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ nìyẹn. Màá bá wọn sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ilé ìwẹ̀ wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan? Bí lẹ́tà báńkì bá jáde, ẹ pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ń wá ilé lápá ibẹ̀.