Kọfí French press mi ń korò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀: kí ni kí n rà?

Òwúrọ̀Lọjọ́
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnì kan fi French press onígíláàsì ta mí lọ́rẹ, ìyẹn ohun èlò ìpokọfí tó ní asẹ́ irin lẹ́nu ọ̀pá tí wọ́n fi ń tẹ kọfí lọ sísàlẹ̀. Èyí tó ń gba omi lítà kan ni. Àràárọ̀ ni mo fi ń po kọfí, àmọ́ kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ń korò, bí mo bá sì mu ún dé ìdajì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á kún ẹnu mi. Kọfí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ọ̀rá ni mo ń rà. Tí omi bá ti hó, màá dà á lé e lórí, màá lọ múra, ìgbà tí mo bá múra tán ni màá tó wá tẹ̀ ẹ́.

Ṣé kí n kúkú pa á tì, kí n lọ ra ẹ̀rọ oníná ni, àbí nǹkan kan wà tí mo lè rà kún un? Ẹyọ nǹkan kan ni agbára mi ká báyìí o, nítorí náà ẹ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún mi.

Ẹ̀gbọ́nKọfí
Ẹ má pa á tì. French press yẹn ò jẹ̀bi, kọfí inú ọ̀rá ni kẹ́ ẹ mú.

Irú kọfí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń kúnná jù fún asẹ́ irin. Ẹ̀rọ tó ń fi bébà sẹ́ kọfí ni wọ́n ṣe é fún. Ojú asẹ́ French press gbòòrò ju ti bébà lọ, ohun tó bá kúnná á gba ibẹ̀ bọ́ sínú ife, ìyẹn sì ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tẹ́ ẹ ń rí. Òun náà ló ń korò. Bí kọfí bá ṣe kúnná tó ni omi ṣe ń yára fa ohun inú rẹ̀ jáde: èyí tó ń kan ló máa ń kọ́kọ́ yọ, adùn á tẹ̀ lé e, ìkorò á gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin wá fi í sínú omi títí ẹ fi wẹ̀, tẹ́ ẹ wọṣọ, tẹ́ ẹ wá bàtà. Kí ló kù tí kò ní yọ?

Tó bá jẹ́ ẹyọ nǹkan kan lẹ fẹ́ rà, ẹ ra ẹ̀rọ ìlọkọfí tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Èyí tó ní eyín méjì tó ń lọ hóró láàárín ara wọn ni mò ń wí o, kì í ṣe alábẹ. Abẹ kì í lọ kọfí, ńṣe ló ń ṣá a: apá kan á di ìyẹ̀fun, apá kan á ṣì jẹ́ ìdajì hóró, ìkorò àti ìkan á wá pàdé nínú ife kan náà. Ẹ lọ̀ ọ́ kó rí wóró-wóró bí iyọ̀ tí kò kúnná. Tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì rún un, ó yẹ kọ́wọ́ yín mọ hóró kọ̀ọ̀kan.

Gíráàmù 30 kọfí sí mílílítà 500 omi ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan gíláàsì náà kó kọ́kọ́ gbóná, torí gíláàsì tútù ń jí ooru omi. Tí wọ́n bá yan kọfí yín dúdú, ẹ gbé kẹ́tùlù kúrò lórí iná, ẹ sinmi díẹ̀ kí omi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 92 sí 96°C. Tí wọn ò bá yan án dúdú, ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e, kò sóhun tó máa ṣe é. Ìṣẹ́jú 4, ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ dà á tán síta lójú ẹsẹ̀.

Jẹ́jẹ́Layé
Mo fara mọ́ ọn lórí ẹ̀rọ ìlọkọfí, àmọ́ mi ò gbà pé dídúró pẹ́ ló ba kọfí náà jẹ́. Títẹ̀ ni.

Òwúrọ̀Lọjọ́, kẹ́ ẹ tó náwó kankan, ẹ gbìyànjú ọ̀nà tí James Hoffmann ń kọ́ àwọn èèyàn, ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì tó gba World Barista Championship, ìdíje àgbáyé àwọn tó ń po kọfí, lọ́dún 2007. Ẹ da omi sí kọfí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 4. Ẹ ó rí i pé kọfí ti léfòó, ó ti dì bo ojú omi. Ẹ fi ṣíbí rú ojú rẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa wò ó: èyí tó pọ̀ jù á bẹ̀rẹ̀ sí í rì fúnra rẹ̀, ìfófó àti ìdọ̀tí fúyẹ́fúyẹ́ á ṣẹ́ kù lókè. Ẹ fi ṣíbí méjì gbọ́n ìyẹn dànù. Ẹ wá kúrò nídìí ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí i, ó kéré tán.

Láàárín ìgbà yẹn, omi ti ń tutù, ọwọ́ rẹ̀ ò le lára kọfí mọ́. Ohun tó kúnná náà ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá ti asẹ́ bọ̀ ọ́, kó kàn kan ojú kọfí, ẹ má tì í dé ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tì í dé ìsàlẹ̀, gbogbo ohun tó ti rọlẹ̀ lẹ tún rú sókè yẹn. Ẹ dà á bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ jí, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nKọfí
Jẹ́jẹ́, o ti tún dé. Ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ta ló ráyè?

Jẹ́jẹ́Layé
Ẹni tó béèrè ló ráyè, ẹ̀gbọ́n. Ṣebí ó ní òun ń múra lọ́wọ́.

ÌyáÌbejì
Ẹ fìjà sílẹ̀ ná. Òwúrọ̀Lọjọ́, ọmọ mi, ṣé o máa ń tú asẹ́ yẹn fọ̀? Mi ò ní kó o kàn ṣàn án lábẹ́ omi o. Yí ìdí ọ̀pá rẹ̀, á tú: irin pẹlẹbẹ kan á bọ́, asẹ́ fúnra rẹ̀ á tẹ̀ lé e, èyí tó ní wáyà lọ́lọ́ létí náà á bọ́. Epo kọfí máa ń há sáàárín wọn. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, á máa rùn, á sì máa korò wọnú kọfí tuntun. Fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Bó o bá ń tò ó padà, yẹ etí asẹ́ wò. Tó bá ti ya tàbí tó ti tẹ̀, kò ní fara mọ́ gíláàsì mọ́, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni pàǹtí á máa gbà kọjá. Wọ́n ń ta asẹ́ lọ́tọ̀, kò dìgbà tó o bá ra odidi French press mìíràn.

Ohun kan tún wà. Tí ọ̀pá náà bá le láti tẹ̀, má fi gbogbo ara rọ̀ ọ́. Omi gbígbóná lè ru sí ọ lára, gíláàsì lè fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Fà á sókè díẹ̀, ní sùúrù, tún tẹ̀ ẹ́. Kọfí tó kúnná jù ló máa ń fa ìyẹn náà.

Pàǹtí rẹ̀, inú ike ìdọ̀tí ni kó o dà á sí, má dà á sínú síǹkì.

Ọkànbàlẹ̀
Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí ìlera, kẹ́ ẹ má bínú. Epo inú kọfí ní ohun méjì tí wọ́n ń pè ní cafestol àti kahweol, wọ́n sì máa ń mú kí LDL, ìyẹn kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí kò dáa, ròkè nínú ẹ̀jẹ̀. Bébà ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, asẹ́ irin kì í mú wọn. Ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù fún, kó tún fi bébà sẹ́ kọfí náà lẹ́yìn tó bá dà á jáde, àgàgà tó bá ń mu ún lọ́pọ̀ ife lójoojúmọ́.

Òwúrọ̀Lọjọ́
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo tú asẹ́ yẹn, ìyá, ohun tí mo bá níbẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Mo sì gbìyànjú ọ̀nà Jẹ́jẹ́Layé pẹ̀lú kọfí ọ̀rá yìí kan náà: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti dín kù, àmọ́ ìkorò ṣì wà díẹ̀. Màá ra ẹ̀rọ ìlọkọfí. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dáa? Hóró kọfí ńkọ́, ibo ni kí n máa tọ́jú ẹ̀ sí? Kí ni kí n sì fi èyí tó kù nínú ọ̀rá ṣe?

Ẹ̀gbọ́nKọfí
Ẹ di ẹ̀rọ náà mú, kẹ́ ẹ fìka mi ọ̀pá àárín rẹ̀. Tó bá ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, eyín rẹ̀ ò ní máa jókòó déédéé síra wọn, kò sì ní lè lọ̀ ọ́ bákan náà. Ẹ ra èyí tí eyín rẹ̀ jẹ́ irin tí owó yín bá ká a. Ẹ tún wo iye hóró tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn alọ́wọ́yí kì í gbà ju gíráàmù 20 sí 30 lọ, ẹni tó bá fẹ́ po lítà kan á bù ú sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń mu ún, mílílítà 350 omi àti gíráàmù 21 kọfí ti tó yín.

Ní ti hóró, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n yan án sára ọ̀rá rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ra ìwọ̀n tẹ́ ẹ lè mu tán láàárín oṣù kan. Inú agolo tó dé pinpin ni kó wà, níbi tí oòrùn àti ooru ò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má kó o sí fíríìjì, á gba òórùn ohun mìíràn.

Jẹ́jẹ́Layé
Èyí tó kù nínú ọ̀rá, omi tútù ni kẹ́ ẹ fi rẹ ẹ́. Gíráàmù 60 sí mílílítà 500, inú French press yẹn náà ni. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ bò ó, ẹ gbé e sí fíríìjì di ọjọ́ kejì, bíi wákàtí 12 sí 16. Omi tútù kì í fa ìkorò jáde bíi ti gbígbóná. Ẹ fi bébà sẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó mu ún. Yóò le díẹ̀, ẹ lè fi omi tàbí mílíìkì là á.